Orí Tí Alága Yàn

Àwọn àgbà sọ pé ọ̀run ni kálukú ti yan orí tó gbé wá sáyé, bí ó bá sì yan èyí tí kò dára, kó máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Olóyè Prosper Adébísí kò gbà. Òun tún tirẹ̀ yàn ní Ring Road, n'Ìbàdàn, ní aago méjì ọ̀sán, láàárín fíìmù mẹ́tàdínlógún tí wọ́n tò sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Bí ó ṣe yàn án, àti ohun tí yíyàn náà fojú ẹlòmíràn rí, ni mo fẹ́ sọ.

Kí ìjọba ológun tó fi Olóyè ṣe Alága Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìwòsàn Ara-Á-Le ní Ring Road, páànù ìbolé ni ó ń tà ní Dùgbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé páànù rẹ̀ ń jò. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé oyè náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ti mọ òrùlé ti mọ orí.

Bí ó bá wọ wọ́ọ̀dù, Ọ̀gbẹ́ni Ìdrís, igbákejì rẹ̀, a gbé àpò tẹ̀ lé e. Alhaja Àtọ́kẹ́, olórí ẹ̀ka ìgbàlejò, a máa ṣáájú, a máa kéde rẹ̀. Bí Olóyè bá sín, wọn a pàtẹ́wọ́. Aláìsàn tó bá lè dìde gbọ́dọ̀ dìde. Èyí tí kò bá lè dìde, nọ́ọ̀sì a bá a na ọwọ́ sókè.

"Ẹ kú àìsàn o," Olóyè a wí fún wọn, ìnujú ní imú. "Ìjọba mọ̀ pé ẹ wà níbí."

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, ẹ̀rọ skáànù dé: ohun funfun ńlá kan tó ní ihò láàárín, bí ẹnu kànga tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Dókítà Jọlá, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ni wọ́n ní kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún Alága.

"Ẹ̀rọ yìí á máa ya inú orí láìla orí, sà," Dókítà wí. "Kókó inú ọpọlọ kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Òmíràn ń fà bí ìgbín, ó lè gbé ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Òmíràn ń sáré bí iná ọyẹ́. Bí a bá gún oògùn kan sí iṣan aláìsàn kó tó wọnú ẹ̀rọ, èyí tó ń sáré á mu oògùn náà. Etí rẹ̀ á tàn yòò bí òrùka, àárín rẹ̀ á dúdú, nítorí ó ń dàgbà ju oúnjẹ tó ń rí jẹ lọ. Èyí tó ń fà kì í sábà mu ún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa mọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ tètè là lórí, àti ẹni tí a lè fi sílẹ̀ kó máa lọ."

Olóyè yọjú sínú ihò náà. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kókó kan lè wà nínú ilé-ìwòsàn tí èmi jẹ́ alága rẹ̀, kó máa sáré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láìgba àṣẹ?"

Dókítà Jọlá wo òrùlé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà: *Láti òní lọ, kókó kankan kò gbọdọ̀ le ní ilé-ìwòsàn yìí. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ máa pe gbogbo wọn. Dókítà tó bá rí èyí tó ń sáré, kó kọ̀wé sí Alága ní ẹ̀dà mẹ́ta.* Alhaja Àtọ́kẹ́ kà á tán, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Olóyè, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi òfin mú àìsàn láyé yìí!" Olóyè ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì dúró kó tún un sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ká dé Agbowó.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mọ́ṣúdù, onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, dígí rẹ̀ tóbi. Yàtọ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gẹrun níbẹ̀, òun ni Ilé-Ìwòsàn Ara-Á-Le máa ń pè kó wá fá orí àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún. Ó ti fá irú orí bẹ́ẹ̀ tó igba. Bí ó bá ń fá a, àwọn ẹbí aláìsàn a máa rò fún un: orí fífọ́ láàárọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tíṣà kíláàsì kẹrin, délé tó ń rẹ́rìn-ín pé ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún òun lẹ́ẹ̀mẹta níwájú àwọn ọmọ, Mọ́ṣúdù kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Safiyyah, wọ bàtà. A ń lọ sí ọsibítù."

"Nítorí ṣọ́ọ̀kì, Bàbá Safiyyah?"

"Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló já. Ọwọ́ ni."

Dókítà Jọlá yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún wọn. "Mo fura sí kókó. Apá òsì ni, níbi tí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fà, tí mo sì là á, mo lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu tíṣà lásán. Bó bá jẹ́ èyí tó ń sáré, tí mi ò sì tètè là á…" Kò parí rẹ̀. "Fíìmù ló máa sọ fún wa."

Oríire ni wọ́n pè é, nítorí àwọn tó ta ẹ̀rọ náà ti ní kí wọ́n fi aláìsàn mẹ́tàdínlógún dán an wò kí wọ́n tó ṣí i. Moróunkẹ́ ni ìkọkànlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Wọ́n gún oògùn sí iṣan rẹ̀, wọ́n ní kó má mira, kò sì mira. Tíṣà mọ bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ náà, Dókítà Jọlá ti lọ sí ìpàdé ní Kàdúná. Sùlàímọ́nù, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà, fi fíìmù rẹ̀ pa mọ́ dè é.

Àmọ́ Olóyè ti pinnu nǹkan. Nínú ètò ìṣílé, láàárín àdúrà àti ìpápánu, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ṣíṣí Aṣọ Lójú Àwòrán Ọpọlọ Alága.* Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìṣílé, ó wá sọ́dọ̀ Sùlàímọ́nù kó lè yà á.

"Ẹ bá mi ṣí fìlà, sà."

"Ta ni mo fẹ́ kí?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Okùn wúrà ara fìlà yẹn á ba àwòrán jẹ́."

"Ẹ̀rọ yìí ò tíì tó ẹni tí mo ń ṣí fìlà fún."

Ó dùbúlẹ̀ ti fìlà ti fìlà. Sùlàímọ́nù bẹ̀ ẹ́ pé kó má mira, kó má sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó má sọ ló rán an létí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́la, ló bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti "Ẹ̀yin èèyàn iyì" títí dé "kí Ọlọ́run sìn yín délé," ó ń na ọwọ́ sókè nínú ihò náà níbi tó bá ti kan ìjọba. Nígbà tí fíìmù jáde, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìkùukùu lọ, àti ìlà funfun gbọọrọgbọọrọ tó ta kiri bí ọwọ̀.

"Kí nìyí?"

"Ọpọlọ yín ni, sà."

"Ìkùukùu yìí?"

"Ẹ mira, sà. Fìlà yẹn náà sì…"

"Sùlàímọ́nù, ṣé ìkùukùu ni kí n gbé han Gómìnà? Kó ti àwọn yòókù jáde."

Báyìí ni wọ́n ṣe to fíìmù mẹ́tàdínlógún sórí tábìlì. Olóyè ń rìn yí wọn ká bí ẹni tó ń wo aṣọ ní Gbági. Ẹ rántí pé orí tó dá ṣáṣá pọ̀ níbẹ̀, tí kókó kankan ò sí nínú wọn. Ó fojú fo gbogbo wọn. "Èyí ṣókùnkùn. Èyí dà bí ti akọ̀wé. Èyí ò ní ìrònú rárá." Nígbà tó dé ìkọkànlá, ó dúró. Láàárín ọpọlọ náà, ní apá òsì, òrùka kan ń tàn yòò.

"Èmi nìyí," Olóyè wí.

"Sà, obìnrin kan ló ni ín. Ara rẹ̀ ò yá."

"Ṣé orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀?"

"Ó wà ní igun, sà."

"Igun ni férémù wà fún."

Sùlàímọ́nù ní ọmọ márùn-ún àti ìyá arúgbó. Ó gbé fíìmù náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìṣílé, aṣojú Gómìnà fa aṣọ, àwòrán sì yọ nínú férémù oníwúrà. Ìdrís ló kọ́kọ́ pariwo. "Orí ni gbogbo wa ní. Ta ló tún ní adé nínú orí?" Alhaja Àtọ́kẹ́ ní ìmọ́lẹ̀ yẹn ni òun ti ń rí lójú Olóyè láti ọjọ́ pípẹ́, òun kàn ń rò pé òógùn ni. Olóyè fọwọ́ kan etí rẹ̀ òsì. "Mo máa ń mọ̀ ọ́n lára," ni ó wí. "Ó máa ń gbóná bí mo bá ń ronú ìlú."

Iyì yẹn kò gbọdọ̀ mọ sí yàrá kan. Òǹtẹ̀wé kan ní Challenge tẹ ẹgbẹ̀rún méjì kàlẹ́ńdà ọdún 1996. Àwòrán olórùka náà wà láàárín, ó tóbi bí orí gan-an, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: ORÍ TÓ Ń RONÚ FÚN YÍN. Láti Bódìjà dé Òjòó, láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road, wọ́n gbé e kọ́.

Olóyè wá pàṣẹ pé, níwọ̀n bí ẹ̀rọ náà ti bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kó sinmi ogójì ọjọ́ bí ìyálọ́mọ. Ó ti yàrá náà pa, ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀ lábẹ́ bùbá.

Dókítà Jọlá dé láti Kàdúná, ó béèrè fíìmù ìkọkànlá. Sùlàímọ́nù wo ilẹ̀.

"Iná lọ, sà. Ìyẹn bàjẹ́. Ẹ̀rọ ò sì tọ́jú rẹ̀ sínú."

"Tún un yà nígbà náà."

"Ẹ̀rọ ń sinmi, sà."

Dókítà kọ̀wé sí Alága ní ẹ̀dà mẹ́ta. Èsì dé: *Kókó oníwà pẹ̀lẹ́ lè dúró.* Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Olóyè tún fi ogójì mìíràn lé e. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìbejì ni wọ́n.

Moróunkẹ́ ń dúró. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sí ọwọ́ òsì. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ó lè tọ́ka sí dọ́sítà, kó mọ ohun tí a ń fi í ṣe, kí orúkọ rẹ̀ má sì wá. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin rò pé eré tuntun ni. Wọn a jọ pariwo orúkọ nǹkan náà, òun náà a sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn ilé ìwé, ó máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Lókè dígí níbẹ̀ ni Mọ́ṣúdù gbé kàlẹ́ńdà Alága kọ́, nítorí wọ́n pín in fún gbogbo ẹni tó ń bá ilé-ìwòsàn ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan ìṣó rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin oṣù kìíní, Dókítà Jọlá yà síbẹ̀ láti gẹrun, kó sì lè fojú kan aláìsàn rẹ̀. Mọ́ṣúdù da aṣọ bò ó lọ́rùn. Kílípà ń dún. Lójijì, Dókítà gbá àga dìde.

"Mo gé yín lára ni, sà?"

"Orí ta nìyẹn?"

"Ti Alága ni. Ó ń ronú fún wa."

Dókítà lọ dúró lábẹ́ kàlẹ́ńdà náà, aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé òrùka náà yí po. "Kì í ronú. Èyí tó ń sáré nìyí. Ẹ wo bó ṣe ń ti ọpọlọ yòókù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó ni orí yìí, ó yẹ kí wọ́n ti là á láti oṣù tó kọjá."

Moróunkẹ́ gbójú sókè láti orí bẹ́ǹṣì. Ó wo àwòrán náà pẹ́.

"Ó mà ṣe o," ó wí. "Ẹ tètè lọ sọ fún un, Dókítà. Ẹ má gẹ èyí tó kù. Ó lè lọ́mọ nílé."

Ìgbìmọ̀ ń ṣèpàdé nígbà tí Dókítà wọlé. Ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí, ní gbangba.

"Mo ti fòfin de ìyẹn!" Olóyè ké.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe máa ń rí bí àwọn tó ń jẹun bá gbọ́ pé onílé fẹ́ kú. Ìdrís rọra sún àga rẹ̀ súnmọ́ ti Alága, ó ń fojú wọn bí tìmùtìmù rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. "Olóyè wa ti ṣiṣẹ́ jù," ó wí. Alhaja Àtọ́kẹ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ tiẹ̀ pè mí ní Àbẹ̀ḿbí lọ́jọ́sí. Mo rò pé ẹ ń ṣeré ni."

Dókítà ní kí Olóyè di ojú, kó na ọwọ́ méjèèjì. Wọn ò gbọ̀n. Ó ní kó fún òun lọ́wọ́ mọ́ra, Olóyè sì fún un débi tí ìka rẹ̀ fi dún. Ara le bí ti màlúù. Dókítà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Sà, ṣé ó dá yín lójú pé orí yín ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, kó bá ibẹ̀ jáde. Olóyè wo férémù, ó wo Ìdrís.

"Orí mi ni! Ta ló tún ní irú rẹ̀ n'Ìbàdàn?"

Kí ọkọ̀ Olóyè tó gbé e dé ilé rẹ̀ ní Bódìjà, lẹ́tà Ìdrís ti dé ọ́fíìsì Gómìnà: àárẹ̀ ti mú Alága wa ọ̀wọ́n, àwa yóò sì fi omijé gba ẹrù náà rù. Gómìnà fèsì pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Olóyè ní Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ, bí kò bá sì fẹ́, kó fi ipò sílẹ̀ nítorí àìlera. Dókítà Jọlá lọ bá a nílé.

"Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ká tún orí yín yà, ká lè mọ ibi tí a máa là gan-an."

Olóyè mọ ohun tí àwòrán tuntun máa fi hàn. Ó di àyà mú. "Ẹ̀rọ ń sinmi."

"Kò burú, sà. Kàlẹ́ńdà ni a ó fi là á."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe Mọ́ṣúdù. Olóyè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò dé fìlà, ó ń retí pé nǹkan kan á ṣẹlẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń retí. Mọ́ṣúdù pọ́n abẹ rẹ̀, ó ti apá òsì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Òun náà ní nǹkan lórí, wọ́n ní fíìmù tirẹ̀ bàjẹ́, a ń dúró kí ẹ̀rọ jí. Ó ní kí n rọra fá a, pé ìyà ti jẹ ẹni tó ní irú òrùka yẹn tó."

Òógùn bo iwájú orí Olóyè. Nígbà tí ìdajì orí náà ti ń dán bí ìkòkò, Dókítà Jọlá wọlé pẹ̀lú kàlẹ́ńdà lábíyá. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó fi yíǹkì fa àgbélébùú kékeré kan sí awọ orí náà.

"Níbí. Ẹ gbé ìlu wá."

Ìlu tí wọ́n fi ń lu egungun orí dé, ó gùn, ẹnu rẹ̀ ń dán. Ẹ̀rọ tó ń yí i dún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé iná wà.

"Kì í ṣe orí mi!"

Ẹni tó gbé ìlu náà pa á.

"Orí ta ni, sà?" Dókítà béèrè, bí ẹni tí kò yà lẹ́nu.

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n ni! Obìnrin kan! Ẹ bi Sùlàímọ́nù! Ìkọkànlá!"

Sùlàímọ́nù ti ń sáré kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó gbé férémù oníwúrà náà dé, ó là á lẹ́bàá ìdí, ó fa fíìmù jáde. Lẹ́tà funfun kéékèèké wà ní igun. Mọ́ṣúdù tẹ̀ síwájú, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka orúkọ náà sókè, ó tún un kà, bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ṣe máa ń ka nǹkan tí tíṣà kọ sójú bọ́ọ̀dù.

"Moróunkẹ́."

Kò sẹ́ni tó mira. Olóyè pàápàá, tí ẹ̀rọ ò lè mú kó dúró jẹ́ẹ́, kò mira.

Mọ́ṣúdù nu abẹ náà, ó pa á dé.

"Mọ́ṣúdù," Olóyè wí, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdajì tó dán, "ṣebí wàá kúkú parí rẹ̀?"

"Rárá, sà." Ohùn tó fi ń sọ fún oníbàárà pé kó yí orí ló fi sọ ọ́. Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Olóyè bọ́ ọ lọ́rùn, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ya Moróunkẹ́ ní wákàtí yẹn. Dókítà gbé fíìmù méjèèjì sójú iná, tàtijọ́ àti tòní. Ní oṣù kejìlá, òrùka náà kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. Ó ti tó àsálà. Kò sí lẹ́tà ẹlẹ́dà mẹ́ta tó tún lè pè é ní oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n là á lórí lọ́jọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀ ló fá orí náà, gbogbo rẹ̀, ó sì rọra. Dókítà jáde lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ó ní òun mú èyí tí ọwọ́ òun ká. Kò sọ ohun tí ì bá jẹ́ bí wọ́n bá ti ṣe é ní oṣù kejìlá. Mọ́ṣúdù kò bi í. Nígbà tí Moróunkẹ́ lajú, ó wo nọ́ọ̀sì tó ń nu tábìlì, ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Dọ́sítà," ó wí.

Ní ti Olóyè, ìdajì irun ló gbé kúrò níbẹ̀. Àwọn onígbàjámọ̀ Ìbàdàn ní àṣà kan: ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í parí orí tí ọwọ́ ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, àfi bí onítọ̀hún bá yọ̀ǹda. Ó dé Agbowó, ó dé Dùgbẹ̀, ó ránṣẹ́ dé Apẹ̀tẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi í. "Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sà? Kí ló dé tí kò parí rẹ̀?" Ó fi fìlà bò ó, ó lọ bẹ Gómìnà. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá dé iwájú ẹni tó jù ú lọ gbọ́dọ̀ ṣí fìlà. Gómìnà wo apá kan, ó wo apá kejì. Kò bínú, ó rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ ìjọba yẹn, ẹni tí wọ́n bínú sí lè padà rí ojúure, ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ti tán. Ìdrís wọ ọ́fíìsì Alága lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bi òǹtẹ̀wé Challenge bóyá wọ́n lè tún kàlẹ́ńdà náà tẹ̀ pẹ̀lú orí mìíràn.

Moróunkẹ́ padà sí kíláàsì rẹ̀ ní sáà kẹta, ó fi ìborùn bo àpá. Mọ́ṣúdù fẹ́ já kàlẹ́ńdà náà bọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Ó ní èèyàn kì í já kàlẹ́ńdà nígbà tí ọdún ò tíì parí. Ó gun bẹ́ǹṣì, ó mú bírò pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ ọmọ, ó fa igi la ORÍ TÓ Ń RONÚ FÚN YÍN kọjá. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun, níbi tí òǹtẹ̀wé ti gé e kúrò.

Ọdún náà parí, Moróunkẹ́ kò bá a lọ. Ó lo kàlẹ́ńdà tuntun dé oṣù kẹrin, ibẹ̀ ni ọjọ́ ayé rẹ̀ parí sí.

Ti àtijọ́ yẹn ṣì wà lókè dígí ní Agbowó, etí rẹ̀ ti ń pọ́n. Oníbàárà tuntun tó bá jókòó, tí ojú rẹ̀ bá kan àwòrán orí tó là sí méjì, tó ní òrùka nínú, a bi onígbàjámọ̀ pé, "Ọ̀gá, fọ́tò kí nìyẹn?"

Mọ́ṣúdù a pa kílípà kó tó dáhùn.

"Ìyàwó mi ni."